Orúkọ Yí, BVN Ò Yí

Ẹni tó bá rò pé gbèsè ọmọge máa ń dúró sílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ, kó tún inú rò. Ó ń bá ìyàwó lọ. Orúkọ rere tí èèyàn ti ní nídìí gbèsè sísan náà ń bá a lọ, bí ìwé rẹ̀ bá ti gún.

Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Atákúnmọ́sà, níbí ní Iléṣà. Kí n tó lọ́kọ ni mo ti ń yáwó ní báńkì, mo sì ń san án pé. Nígbà tí mo fẹ́ yá èyí tó jọjú láti fi kún ọjà, orúkọ ọkọ mi ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà wò ó títí, ó ní, "Mà, ẹ má bínú o, orúkọ tó wà lórí ẹ̀yáwó ti tẹ́lẹ̀ kì í ṣe èyí. Ṣé ẹ̀yin náà ni?" Èmi náà kúkú ni, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ò tó.

Láyé àwọn òṣómàáló wa, Ìjẹ̀ṣà tó bá ta aṣọ láwìn mọ ojú ajigbèsè, ó sì mọ ilé rẹ̀. Kò sí orúkọ tí wọ́n lè fi sá fún un. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì ń fún oníbàárà, ló ń ṣiṣẹ́ ojú yẹn lóde òní. Díjíìtì 11 ló ní, ọdún 2014 ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé e jáde, ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú ló sì rọ̀ mọ́. Ìgbéyàwó kì í sọ ọ́ di òmíràn. Nọ́ńbà yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, bíi CRC, FirstCentral àti CreditRegistry, fi ń dá oníkálukú mọ̀. Láti 2020 sì ni ètò GSI ti wà: báńkì tí èèyàn jẹ lówó lè bá owó rẹ̀ dé inú àkáǹtì tí onítọ̀hún ní ní báńkì mìíràn. Àkáǹtì tuntun lórúkọ ọkọ kò lè fi gbèsè pamọ́.

Ibi tí wàhálà wà ni kí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba àpapọ̀, máa pe èèyàn ní Lágbájá, kí BVN máa pè é ní Tàmẹ̀dò. NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí òun ni wọ́n fi ń yẹ BVN wò. Lẹ́yìn náà, BVN ní báńkì, kí ó tó wá kan àwọn àkáǹtì yòókù. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbúra kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n sábà máa ń bèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìdána nìkan, fọ́tò aṣọ òkè kì í ṣe ìwé ẹ̀rí o, bó ti wù kó dára tó. Ẹ yẹ ìkéde yẹn wò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tọ́jú ojú ewé náà. Ẹni tó bá ti forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, kó má gbàgbé ibẹ̀.

Bí ẹ bá máa tó bèèrè owó, tèmi ni pé kí ẹ gba owó náà lórúkọ àtijọ́ ná. Kò sí òfin tó fipá mú obìnrin láti gba orúkọ ọkọ. Ìyá ọkọ lè fajú ro, yóò tújú ká.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ bèèrè àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì wo gbèsè tí ẹ ti san tán, bóyá ó ṣì ń hàn bí èyí tí ẹ jẹ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ báńkì pé ẹ ò jẹ wọ́n mọ́, kí ẹ fi kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n tún un ṣe.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé tí àwọn bá ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ, gbèsè ọkọ ti di tàwọn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. BVN tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Àfi bí ẹ bá fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin ni onídùúró rẹ̀, tàbí pé ẹ jọ yá a. Bí ó bá gbé fọ́ọ̀mù wá, ẹ ka iye tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó mú báírò.