Bátìrì kan ṣoṣo fún Land Cruiser dísù: ibi tí iṣẹ́ dé

Land Cruiser ìran 80 tí mò ń tún ṣe lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn ti ń sítáàtì lórí bátìrì kan ṣoṣo báyìí. Ẹ́ńjìnnì 1HZ ló wà nínú rẹ̀: lítà 4.2, sílíńdà mẹ́fà, kò ní tọ́bò, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó ń darí epo rẹ̀. Bátìrì méjì ló gbé wá, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n so pósítífù mọ́ pósítífù, nẹ́gẹ́tífù mọ́ nẹ́gẹ́tífù.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe so bátìrì tirẹ̀ kó tó mú sípánà. Volt 12 ni gbogbo nǹkan tó wà lára tèmi ń lò. Àmọ́ àwọn ìran 80 kan wà tó jẹ́ pé volt 24 ni sítátà wọn. Tí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́, bátìrì méjèèjì á tò tẹ̀lé ara wọn títí ẹ́ńjìnnì á fi gbà, lẹ́yìn náà wọ́n á padà sí 12. Irú ọkọ̀ yẹn kò ní gbà lórí bátìrì kan, àfi tí ẹ bá pààrọ̀ sítátà àti àwọn nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára sítátà fúnra rẹ̀, ẹ má fi ti ẹni tó ta ọkọ̀ ṣe.

Ìdí tí mo fi yọ ìkejì

Dísù kì í lo plọ́ọ̀gì tó ń ta iná bíi ti bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni písítìn ń fún pọ̀ títí tó fi gbóná débi tí epo á gbiná fúnra rẹ̀. Nínú 1HZ, afẹ́fẹ́ tó kún sílíńdà kan á sún kì débi tí kò ní gbà ju ìdá kan nínú ogún ààyè tó wà tẹ́lẹ̀. Sítátà gbọ́dọ̀ lágbára kó tó lè yí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ olótùútù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á ki, híítà plọ́ọ̀gì (tó ń mú inú sílíńdà gbóná kí ẹ́ńjìnnì tó gbà) á máa fa iná fún ìgbà pípẹ́, agbára bátìrì fúnra rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Nọ́ńbà CCA tí ẹ ń rí lára bátìrì, inú òtútù ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n: iye ampere tó lè gbé jáde fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ní dígírì -18, tí volt rẹ̀ kò ní wálẹ̀ ju 7.2 lọ. Lọ́wọ́ ọyẹ́ tó le jù láàárọ̀ kùtùkùtù, témọ́mítà tí mo fi kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kò lọ sísàlẹ̀ 19. Ooru ló ń pa bátìrì níbí, ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pàápàá, méjì ló sì ń pa pọ̀ tí ẹ bá gbé méjì.

Ọjọ́ orí àwọn méjèèjì tó wà níbẹ̀ kò dọ́gba. Mo tú wọn kúrò lára ara wọn, mo jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú, mo sì fi mítà wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan wà ní volt 12.5, èkejì ní 11.6. Bátìrì tó wà ní 11.6 ti kú nínú. Tí wọ́n bá so ó mọ́ ekejì, gbogbo òru ló máa fi mu iná èkejì yẹn, bí ọ̀lẹ tó fẹ̀yìn ti alágbára.

Wáyà

Ibí ni mo ti pẹ́ jù, tìdùnnú-tìdùnnú ni mo sì fi ṣe é, torí ibí gan-an ni agbára ń sọnù sí. Wáyà pósítífù tó lọ sí sítátà dúdú minimini lókè, kò ní àléébù lójú. Nígbà tí mo la rọ́bà rẹ̀ nítòsí orí bátìrì, ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé ti rá wọ inú rẹ̀ lọ, okùn bàbà inú rẹ̀ sì ń já mọ́ mi lọ́wọ́.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ láìla wáyà nìyí. Ẹ tú wáyà kékeré tó ń ṣí epo lára pọ́ǹpù kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbà. Ẹ fi ẹnu mítà kan kan orí òjé bátìrì gan-an, kì í ṣe irin tó dì í mú, kí ẹ fi èkejì kan bóòtì sítátà, kí ẹnì kan wá yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá ju volt 0.5 lọ, wáyà yẹn ń jẹ yín. Tèmi jẹ́ 0.9. Wáyà bàbà 70 mm² la fi rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀ la fi tẹ etí rẹ̀ pọ̀, a ò jó òjé sí i. Ó wálẹ̀ sí 0.2. Ẹ̀gbẹ́ nẹ́gẹ́tífù náà ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀: mo fi sánpépà ha ọ̀dà kúrò lára ṣáásí títí irin fi dán kí n tó de wáyà mọ́ ọn, mo sì fi gírísì bo ó.

Réwáyà tí a jọ ṣe é ti fẹ́ yọ wáyà nẹ́gẹ́tífù tó wà lápá ibi tí a ti gbé bátìrì kúrò. "Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí tún ń ṣe níbí?" Mo ní kó fi í sílẹ̀ jàre, torí ibẹ̀ ni iná iwájú àti fúùsì apá yẹn ti ń rí nẹ́gẹ́tífù wọn. Ẹ́ńjìnnì la wá so ó mọ́. Pósítífù tó so bátìrì méjèèjì pọ̀ ni a yọ pátápátá. Ẹ má fi téèpù wé irú rẹ̀ kí ẹ sì jù ú sílẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ tí téèpù bá bó, iná ló máa jó.

Bátìrì tuntun

Ampere-wákàtí (Ah) 100, CCA 800. Ọjà Àrárọ̀mí ní Agódi Gate ni mo ti rà á. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni mo kọ́kọ́ wò, torí bátìrì tó ti pẹ́ lórí igbá kì í ṣe tuntun mọ́. Apá ibi tí sítátà wà ni mo gbé e sí kí wáyà lè kúrú, mo sì de irin orí rẹ̀ le dáadáa, nítorí pé gbígbọ̀n dísù ń fọ́ òjé inú bátìrì.

Híítà plọ́ọ̀gì méjì nínú mẹ́fà ti kú, mo pààrọ̀ wọn. 1HZ nílò wọn láàárọ̀ n'Íbàdàn pàápàá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èéfín funfun ni yóò máa tú.

Ní báyìí, tí sítátà bá ń yí, volt bátìrì kì í wálẹ̀ ju 10.3 lọ, lórí méjì àtijọ́, 9.1 ló ń bọ́ sí. Alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì, ń gbé 14.1 wá pẹ̀lú gbogbo iná ní títàn. Mo gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ sí Ìlọrin, nígbà tí mo padà dé, ẹ̀ẹ̀kan náà ló gbà.

Ohun tí a pàdánù ni ìpamọ́. Ẹni tó bá gbàgbé iná sí títàn kò ní bátìrì kejì tó máa gbà á, dísù tó wúwo báyìí kò sì rọrùn láti tì. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá ohun tó ń jẹ iná tí ọkọ̀ bá wà ní pípa. Anpilifáyà rédíò ń fa 0.4 ampere tọ̀sán-tòru. Mo yọ ọ́, ó sì ku bíi 0.03, èyí tí bátìrì lè gbé.

Àyè tó ṣófo níbi bátìrì kejì ni màá gbé fítà tó ń ya omi kúrò nínú epo sí. Dísù tí à ń rà nílẹ̀ yìí sábà máa ń ní omi nínú, omi sì ń ba pọ́ǹpù jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Mo ti wọn àyè náà, irin tí wọ́n máa fi gbé e dúró ló kù lọ́wọ́ wẹ́dà.