Kí A Tó San Owó Ẹ̀kọ́ Ìṣúná Ọlọ́sẹ̀ Mẹ́fà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì, wá bá mi nílé ní Ìkòròdú ní ọjọ́ Àìkú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n ka ìpolówó kan: ẹ̀kọ́ àṣekára nípa ètò ìṣúná, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko nínú ìsinmi gígùn, láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ní Erékùṣù Èkó. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún Màámi kí wọ́n san owó rẹ̀?" N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìdí ẹja yíyan tí ẹ̀gbọ́n mi ń tà ní ọjà Sábó ni owó náà ti máa jáde, èmi fúnra mi sì ti jókòó rí nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ mi.

Ìlú tí a ń gbé ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó ń polówó kì í kà á mọ́ owó ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo ń ṣe tèmi, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jí kí n lè tètè rí ọkọ̀ BRT wọ̀, èyí tí wọ́n nà dé Ìkòròdú ní ọdún 2015. Bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá sì wà ní Mile 12 lálẹ́, aago mẹ́sàn-án máa ń lù kí n tó wọlé. Iṣẹ́ àṣetiléwá á ti máa dúró dè mí, iná kò ní sí, epo jẹnẹrétọ̀ ilé wa sì ní ibi tó lè bá mi dé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, oorun ti ń gbé mi lọ ní aago méjì ọ̀sán, ìgbà náà gan-an sì ni wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń díye lé ilé-iṣẹ́. Olùkọ́ wa mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Èmi ni n kò ní okun tí mo lè fi gba ohun tó ń fún mi. Títí di òní ló ṣì ń dùn mí. Ẹni tó bá ní ìbátan ní Yábàá tàbí Sùúrùlérè tó lè gbà á sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wọ́n ná. Ọkọ̀ ojú omi wà ní èbúté wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, òjò oṣù keje sì lè dá a dúró.

Ní ti ohun tí wọ́n ń kọ́, ìlànà wọn jọ ti àwọn báńkì ìdókòwò ńláńlá ní New York àti London, tí wọ́n máa ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10 ní ìgbà ooru tiwọn, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ àṣekára dán wọn wò. Orí Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé ìwé ìṣirò mẹ́ta kalẹ̀: èyí tó ń sọ èrè tàbí òfò ọdún, èyí tó ń sọ ohun ìní àti gbèsè, àti èyí tó ń sọ owó tó wọlé àti owó tó jáde. Wọ́n á ní kí ẹ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kó lè jẹ́ pé bí nọ́ńbà kan bá yí nínú ọ̀kan, àwọn yòókù á yí tẹ̀lé e. Bí ohun ìní kò bá dọ́gba pẹ̀lú àpapọ̀ gbèsè àti owó àwọn tó ni ilé-iṣẹ́, àṣìṣe wà níbì kan, ẹ sì lè fi wákàtí mẹ́ta wá a kí ẹ tó rí i pé ẹyọ àmì ìyọkúrò kan ṣoṣo ni ẹ gbàgbé. Irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mọ́ àwọn kan. Ó máa ń kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá àwọn mìíràn. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ́ yín ní iye tí owó ọ̀la jẹ́ lónìí. Ká ní ẹnì kan ṣèlérí láti fún yín ní mílíọ̀nù kan náírà ní ìwòyí ọdún tó ń bọ̀, tí ẹ sì gbà pé owó yín yẹ kó máa pa èrè ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ẹ óò fi 1.2 pín mílíọ̀nù náà, yóò sì jẹ́ nǹkan bí 833,333 náírà lónìí. Bí ìdá náà bá jẹ́ 25, ó di 800,000. Àwọn ìyá ọlọ́jà wa mọ ìpìlẹ̀ ìṣirò yìí láìkà á nínú ìwé. Ẹni tó kọ́kọ́ kó èésú mọ̀ pé òun sàn ju ẹni tó kó o kẹ́yìn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ni wọ́n kó. A máa ń yin olóye pé orí rẹ̀ pé bí orí alájọ Ṣómólú, ṣùgbọ́n orí pípé nìkan kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń wá. Ẹni tó lè jókòó ti nọ́ńbà kan náà fún ìgbà pípẹ́ ló ń wá, tí yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ 20, tí kì í ṣe 25. Bí ìbéèrè yẹn bá ń wá sí yín lọ́kàn láìjẹ́ pé olùkọ́ bi yín, mo gbà pé ẹ̀kọ́ náà bá yín mu.

Ẹ ṣọ́ra fún ìlérí o. Bí a bá yọ wákàtí kan sílẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán, ó ku wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 240. Àjọ CFA Institute, tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn onímọ̀ ìdókòwò kárí ayé, dámọ̀ràn nǹkan bí wákàtí 300 fún ìmúrasílẹ̀ ìpele kan ṣoṣo nínú ìpele mẹ́ta tí ìdánwò wọn ní. Ìwé ẹ̀rí ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà kò sì lè rọ́pò ti ICAN, àjọ àwọn oníṣirò owó ní Nàìjíríà, tí òfin ti gbé kalẹ̀ láti ọdún 1965. Bí àwọn tó ń polówó bá ti ń dárúkọ iye owó oṣù tí ẹ máa gbà lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ẹ béèrè ẹni tó ń kọ́ni, ibi tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí, àti iye wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ dípò kó kàn máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá rí èsì fọ̀, ẹ gbé owó yín padà sílé.

Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé tí ìyá rẹ̀ fi ń kọ ọjà sílẹ̀, kó fi alẹ́ mẹ́fà, wákàtí méjì-méjì, ṣe ìwé ìṣirò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lórí Excel. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ó ka gbogbo ọjà àwìn mọ́ owó tó ti wọlé. Ní alẹ́ kẹrin, ó pè mí ní aago mọ́kànlá pé òun ti rí i: Màámi ń jèrè lóṣooṣù, síbẹ̀ owó kì í sí lọ́wọ́ wọn, nítorí pé àwọn oníbàárà mẹ́ta péré ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú èrè náà sọ́dọ̀. Mo gbọ́ ayọ̀ nínú ohùn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọmọ yìí yóò lè ṣe é.

Síbẹ̀, kò lọ lọ́dún yìí. Oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá ni ICAN máa ń ṣe ìdánwò, ó sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ti oṣù kọkànlá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìsinmi gígùn ni àkókò tí òun ní láti fi kàwé. Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ owó ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀, èmi náà sì ti pe àbúrò bàbá wa ní Sùúrùlérè nípa yàrá.