Báyìí La Ṣe Bá A

Òní ni wọ́n jó ijó oníwo ní Abbots Bromley, abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ sì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbàlagbà kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni kò jẹ́ kí n sinmi. Àlejò kan bi í pé kí ni ìtumọ̀ ijó náà. Ó ní àwọn kò mọ̀, pé báyìí ni àwọn ṣe bá a, ó sì ń mu tíì rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin mẹ́fà ni ó gbé ìwo, mẹ́ta funfun, mẹ́ta aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí ó wúwo jù lọ sì ju kìlógíráàmù 11 lọ. Láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni wọ́n ń gbé e jó láti oko dé oko, tí ẹnì kan ń tẹ dùùrù tí ó gbé kọ́ àyà, tí ọkùnrin mìíràn sì wọ aṣọ obìnrin láàárín wọn bí ẹni pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀kan nínú ìwo náà wò ní 1976, wọ́n rí i pé láti ọ̀rúndún kọkànlá ni ó ti wà.

Ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń gbé àwọn ìwo náà kọ́ sí láti ọdún dé ọdún. Àlùfáà ni ó súre fún wọn láàárọ̀! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti gún mi, nítorí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni àwọn ajíhìnrere ti wá sí Abẹ́òkúta ní 1846, àti nítorí pé nígbà tí ìyá àgbà wa sọ nípa eégún ilé wa pé báyìí la ṣe bá a, bàbá mi ní ìbọ̀rìṣà ni.

Bóyá ìlara lásán ni. Ta ni ó fi agbára mú mi pa ojú dé nígbà tí eégún ilé wa ń kọjá? Èmi fúnra mi ni mo pa á dé, mo sì gbéraga sí àwọn ọmọ tí kò pa tiwọn. Lónìí, aláwàdà wọn fi àpò tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí nà mí léjìká, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, èmi tí mo bọ́ sínú iyàrá nígbà náà lọ́hùn-ún…

Ẹ̀kú náà ṣì lè wà lókè àjà, ikán sì lè ti jẹ ẹ́ tán. N kò béèrè rí lọ́wọ́ bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ni aago ilé àti ti ìhín dọ́gba ní àsìkò yìí, n kò lè sọ pé ó ti sùn.