Bí Ẹ Bá Ń Lọ sí Kalna, Ẹ Sùn Níbẹ̀

Ẹni tó bá gbọ́ pé mo kàwé ní Kolkata, Taj Mahal ló máa kọ́kọ́ bi mí léèrè. Taj Mahal kò sí nítòsí Kolkata rárá, ọkọ̀ ojú irin á sùn lójú ọ̀nà kó tó débẹ̀. Ibi tí mo máa ń ní kí wọ́n lọ ni Ambika Kalna, ìlú kékeré kan létí odò Bhagirathi ní ìpínlẹ̀ West Bengal, ní Íńdíà. Odò yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní Hooghly tó bá dé Kolkata, ara Ganga sì ni. Kìlómítà 82 ni láti Howrah, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kolkata. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Katwa, ó pẹ́ tán wákàtí méjì, ẹ ti débẹ̀. Àìjìnnà rẹ̀ yìí ló ń fa ìṣòro, torí pé èrò púpọ̀ ń lọ láàárọ̀, wọ́n sì ń padà lọ́sàn-án.

Wọ́n á dé láago mẹ́wàá, wọ́n á ya fọ́tò àwọn tẹ́ḿpìlì Hindu kan tí iye wọn jẹ́ 108, wọ́n á sọdá títì lọ sí ọgbà ààfin tí àwọn tẹ́ḿpìlì mìíràn wà, wọ́n á bá ilẹ̀kùn ní títì. Ọ̀sán ti pọ́n. Wọ́n ti gbé oúnjẹ fún òrìṣà, òrìṣà ti jẹun, ó ti sùn, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó jí. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà náà á ti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á lọ jẹun, wọ́n á lọ rẹjú. Onírìnàjò á wá jókòó sínú oòrùn, á máa wo aago, á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nǹkan wà níbẹ̀ o. Òun ló dé nígbà tí onílé ń sùn.

Nítorí náà, ẹ sùn níbẹ̀, ó kéré tán òru kan. Àmọ́ sísùn náà gan-an ló nílò ètò, pàápàá fún àwa tó ń gbé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Òfin Íńdíà sọ pé ilé yòówù tó bá gba àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín wákàtí 24, lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Form C kí òfin ọdún 2025 tó sọ ọ́ di Form III. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré púpọ̀ kò fẹ́ wàhálà yẹn. Wọ́n á ní yàrá ti kún, ẹ̀yin náà á sì máa wo kọ́kọ́rọ́ tó so jìgbìnnì lára ògiri. Mi ò ní purọ́ pé kì í sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé ni wọ́n ń sá fún. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní Kolkata, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè Bengali kó bá yín pè wọ́n. Kó má wulẹ̀ béèrè bóyá yàrá wà. Kó béèrè bóyá wọ́n ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, kó sì dárúkọ fọ́ọ̀mù yẹn fún wọn tààrà. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ìrìnnà àti físà yín sórí pépà, ẹ fi fọ́tò kékeré méjì mẹ́ta sí i. Ẹni tó bá ti kó gbogbo ìyẹn dání, akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì á rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ ti fúyẹ́.

Ti owó: ẹ mú owó rúpì wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ń ta tòmátì nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pàápàá máa ń gbowó látorí fóònù, ṣùgbọ́n báńkì Íńdíà ni ètò yẹn so mọ́, káàdì tẹ́ ẹ mú wá láti ilé kò ní bá a mu.

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni kẹ́ ẹ lọ. Oòrùn oṣù Kẹrin àti Karùn-ún kì í ṣe eré, lẹ́yìn ìyẹn òjò á gorí ilẹ̀. Nínú oṣù Kìíní, ìkùukùu lè bo odò lówùúrọ̀ títí tí ẹ ò fi ní rí òdìkejì, òtútù á sì mú yín bí ẹ bá rò pé ilẹ̀ olóoru ni. Ẹ mú súwẹ́tà. Àkókò òtútù yìí kan náà ni àwọn èèyàn ibẹ̀ ń gun igi khejur, irú ọ̀pẹ kan, tí wọ́n ń so ìkòkò mọ́ ọn lọ́rùn lálẹ́ bí akọpẹ tiwa. Omi dídùn tó bá sun síbẹ̀ ni wọ́n ń sè di ṣúgà dúdú tí wọ́n ń pè ní nolen gur. Ní Kalna, wọ́n ń fi í pò mọ́ wàrà dídì, wọ́n á fi ọwọ́ po ó títí á fi rí múlọ́múlọ́, wọ́n ń pè é ní makha sandesh. Ẹ ra á láàárọ̀ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èmi kò fẹ́ràn nǹkan dídùn, mo sì ń jẹ ẹ́.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, apá kan wà tó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Ibẹ̀ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa ń wọ̀, mo sì gba gbogbo obìnrin nímọ̀ràn pé kó wọ ibẹ̀. (Ọkùnrin tó bá kó sí i, owó ìtanràn ni.) Ọjà ni ibẹ̀: píìnì, yẹtí, gúáfà oníyọ̀ àti ata, tíì. Àwọn obìnrin á sún fún yín, wọ́n á bi yín bóyá ẹ ti lọ́kọ, bóyá ẹ ti bímọ, eélòó ni ẹ ra bàtà yín. Ẹni tó bá ti wọ dáńfó nílé kò ní bínú sí i. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lo bátìrì, toto ni wọ́n ń pè é, ló máa gbé yín wọ ìlú.

Ẹ lọ sí tẹ́ḿpìlì 108 ní òwúrọ̀ kùtù. Tej Chandra, ọba Bardhaman, agbègbè tí Kalna wà, ló kọ́ ọ fún Shiva, òrìṣà Hindu kan, lọ́dún 1809. Ó tò wọ́n ní òbìrí méjì, ọ̀kan nínú èkejì: 74 lóde, 34 nínú. Ahéré àgbẹ̀ Bengal ni wọ́n wò kọ́ òrùlé wọn, ìdí nìyẹn tó fi tẹ̀ tí etí rẹ̀ sì wálẹ̀. Ní òbìrí ìta, òkúta Shiva kan dúdú, èkejì funfun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn yíká. Ní ti inú, gbogbo rẹ̀ ló funfun. 108 náà ni iye ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́sìn Hindu fi ń gbàdúrà. Ní àárọ̀ yẹn, ẹ máa rí àwọn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá lóòótọ́. Mo rí ìyá àgbà kan tó gbé kete idẹ dání, tó ń rọ omi díẹ̀ sórí òkúta kan, á fi ewé bel oníka mẹ́ta lé e, á fọwọ́ kan iwájú orí, á wọ ìlẹ̀kùn tó kàn. Kò fo ọ̀kankan. A jókòó, a ń wò ó, títí tó fi yí òbìrí ìta po. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa ló ki ewé kan bọ ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́, ó ń lọ.

Ẹ ó bọ́ bàtà o. Láàárọ̀ ilẹ̀ tutù, lọ́sàn-án á máa jó ẹsẹ̀. Kò sì yẹ kí ẹ ya fọ́tò inú ibi tí òrìṣà jókòó láìjẹ́ pé àlùfáà gbà. Bí wọ́n bá fún yín ní nǹkan, ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ fi gbà á. Èyí kò ṣòro fún ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Nínú ọgbà ààfin tó wà ní òdìkejì títì, tẹ́ḿpìlì Lalji ló dàgbà jù, ọdún 1739 ni wọ́n kọ́ ọ, ó ní ṣóńṣó 25 lórí. Òun ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ bá. Èmi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní àkókò fún ẹyọ kan ṣoṣo, Pratapeshwar ni kẹ́ ẹ wò. Kò tóbi, ọdún 1849 ni wọ́n parí rẹ̀, ẹni tó bá ń kánjú lè kọjá lára rẹ̀. Òkúta ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ yẹn, ẹrẹ̀ tí odò gbé wá ni gbogbo rẹ̀, torí náà bíríkì ni wọ́n fi kọ́lé òrìṣà, amọ̀ sísun ni wọ́n sì fi gbẹ́nà sí i lára. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, èèyàn kéékèèké ló kún ara ògiri náà: Rama àti Ravana inú ìtàn àwọn Hindu ń jagun, àwọn olórin ń fọn fèrè, obìnrin kan yọjú lójú fèrèsé. Ẹ sún mọ́ ọn títí imú yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. Onílù kan wà tí okùn ìlù hàn lára rẹ̀ kedere. Ọmọ Ifẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi, amọ̀ sísun kì í ṣe àjèjì lójú rẹ̀, iwájú àwọn orí amọ̀ tí wọ́n hú ní Ifẹ̀ ló dàgbà sí. Síbẹ̀ ó lóṣòó síwájú onílù yẹn, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù láti wò ó. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, òjìji á jẹ́ kí gbogbo wọn yọ síta.

Àwọn ará ìlú á wò yín. Wọ́n á wò yín gan-an ni, kò sí ìtìjú nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé á tẹ̀ lé yín. Ọ̀rẹ́ mi máa ń bínú sí i lójú títì, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ẹni tó ń rìn lọ ni wọ́n ń wò bí ìran. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta tíì, tẹ́ ẹ gba ife amọ̀ yín, tẹ́ ẹ sì pe onítíì ní dada bí a ṣe ń pe bọ̀dá, ìwòran náà á dín kù, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin, didi ni, bí ó bá dàgbà tó ìyá yín, mashi.

Bàbá kan bi wá pé ìlú wo la ti wá. A ní Nàìjíríà. Bàbá gbé ife sílẹ̀, ó ní, "Chima!" Chima Okorie ló ń sọ, ọmọ Nàìjíríà tó gbá bọ́ọ̀lù fún Mohammedan Sporting, East Bengal àti Mohun Bagan, ẹgbẹ́ mẹ́ta tó tóbi jù ní Kolkata, kí wọ́n tó bí mi. Ẹlòmíràn tó jókòó sí ẹ̀yìn ní kí bàbá jẹ́ ká gbọ́ràn, Ranti Martins, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, ló mọ̀ ọ́n gbá jù. Ẹlòmíràn ní Odafa, tí òun náà jẹ́ ọmọ wa, ńkọ́? Kí a tó mu tíì tán, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn alátìlẹ́yìn East Bengal àti ti Mohun Bagan, àwa ò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ kọ́ orúkọ mẹ́ta yìí kẹ́ ẹ tó lọ. Ó wúlò ju ìwé atọ́nà lọ.

Ní ti odò, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn etí omi. Ẹ má ya fọ́tò àwọn tó ń wẹ̀. Bí ẹ bá fojú sílẹ̀ dáadáa, ẹ lè rí shushuk, ẹran odò tó dà bí ẹja ńlá, tí ojú rẹ̀ kò ríran, tó jẹ́ pé ohùn ló fi ń mọ ọ̀nà nínú omi ẹlẹ́rẹ̀ yẹn. Ìjọba Íńdíà kéde rẹ̀ lọ́dún 2009 pé òun ni ẹran inú omi ti orílẹ̀-èdè wọn. Á yọ ẹ̀yìn síta láti mí, ó ti wọlé padà. Ẹni tó bá ń wá fóònù nínú báàgì kò ní rí i.

Ọkọ̀ ojú omi ń ti ibẹ̀ kọjá sí Nrisinghapur, níbi tí ẹ ti máa rí mọ́tò lọ sí Shantipur. Èèyàn, alùpùpù, kẹ̀kẹ́, ẹrù ẹ̀fọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ pọ̀. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ọkọ̀ kan tó kó èrò jù dojú dé ní èbúté yìí lálẹ́ nígbà tí àwọn èèyàn ń darí bọ̀ láti ibi àjọ̀dún, ẹ̀mí sì ṣòfò. Bí èyí tó wà nílẹ̀ bá ti kún, ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀. Ẹ sì béèrè àkókò tí ti ìkẹyìn máa ń lọ kẹ́ ẹ tó sọdá, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ yín ní òdìkejì.

Aṣọ ló ń gbé mi lọ sí òdìkejì. Shantipur lókìkí fún sárì òwú tí wọ́n fi ọwọ́ hun, bẹ́ẹ̀ náà ni Phulia tó wà nítòsí rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ti Kalna, Dhatrigram àti Samudragarh ni, ojú irin Katwa kan náà ló gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ ahunṣọ ibẹ̀ ló jẹ́ ọmọ àwọn tó sá wá láti Tangail àti agbègbè rẹ̀, tó ti di Bangladesh báyìí, nígbà tí wọ́n pín Íńdíà lọ́dún 1947. Ẹ máa gbọ́ ìró òfì láti inú ilé kẹ́ ẹ tó rí i. Ṣùgbọ́n aṣọ ẹ̀rọ ti pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì ń tà á lówó ti ọwọ́. Ẹ wo etí aṣọ náà: èyí tí wọ́n fi ọwọ́ hun máa ń ní ihò wínníwínní lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, níbi tí abẹ́rẹ́ ọ̀pá tó ń na aṣọ lórí òfì ti gún un. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà náà. Tí ẹ bá sì rí ahunṣọ fúnra rẹ̀, ẹ má ná ọjà rẹ̀ títí á fi máa sunkún, ọjọ́ méjì mẹ́ta ló lè lò lórí ẹyọ kan. Sárì kan gùn tó mítà márùn-ún àti ààbọ̀. Ìyá mi gé èyí tí mo mú wá fún un sí ìró àti gèlè, ó sì ṣẹ́ ìborùn kù fún ẹ̀gbọ́n mi.