Bàbá kékeré, mínísítà yẹn kì í ṣe tèmi

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni àbúrò bàbá mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Àjàṣẹ́, Porto-Novo ilẹ̀ Benin. Ó ti rí mínísítà ètò ìnáwó ilẹ̀ Faransé lórí tẹlifíṣọ̀n, bí àwọn aṣòfin ṣe ń da ìbéèrè bò ó, tí àwọn mìíràn ń pariwo lé e lórí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rín ń gba ohùn rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ wà láyé! Mínísítà yín ń làágùn níwájú aṣòfin. Ibi tí wọ́n bá ti ń bèèrè owó báyìí lójú gbogbo ayé, owó ibẹ̀ ò lè sọnù, ebi ò sì lè pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀." Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan ọ̀rọ̀ páànù ilé tí ìjì ṣí: 400,000 sẹ́fà.

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Owó náà kọ́ ló dùn mí. 400,000 sẹ́fà, nǹkan bíi 610 yúrò ni. Bí mo bá ṣọ́wọ́ ná fún oṣù méjì, yóò jáde. "Mínísítà yín" yẹn ló gún mi lọ́kàn. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé níbí, ní ilẹ̀ Faransé, n kò dìbò rí, n kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ti ilé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: iná tó ń lọ tó ń bọ̀, bẹntiróòlù kpayo nínú ìgò létí títì, zẹ́mì tó jẹ́ ọ̀kadà tiwa, eruku ọjà Ouando nígbà ọyẹ́. N kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹ̀bá ibẹ̀ ni mo dàgbà sí.

Létí ọ̀nà tó lọ sí ààfin àwọn gómìnà àtijọ́, níbi tí àwọn aṣòfin wa ń jókòó sí, ni màmá mi ti ń din àkàrà. Òfin ilẹ̀ wa ní kí ìwé ìṣúná dé ọwọ́ àwọn aṣòfin, ó pẹ́ tán, lọ́sẹ̀ kan kí ìjókòó oṣù Kẹwàá tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, láti ìgbà yẹn títí di ìparí ọdún ni ọjà màmá mi máa ń yá jù. Àwọn mínísítà á ti Kútọnu dé pẹ̀lú fèrè ọkọ̀, màmá mi á sáré fi àtẹ bo igbá àkàrà nítorí eruku. Tó bá yá, àwọn awakọ̀ wọn á rọra rìn wá, wọ́n á ní kó bu ata sí i dáadáa.

Bébà àlòkù la fi ń wé àkàrà, èyí tí wọ́n ń tà ní kílò lọ́jà. Lára rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ Faransé kíkà. Lọ́jọ́ kan, mo fa ọ̀kan yọ tí òróró ti mu dé àárín. Wọ́n kọ "question orale" sókè rẹ̀, ìyẹn ìbéèrè tí aṣòfin fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ bi mínísítà. Owó ọ̀nà kan ló ń bèèrè, pé mélòó ni wọ́n ti ná, mélòó ló kù. Mo yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Mo bi màmá mi pé ìdáhùn ńkọ́. Ó ní, "Ó lè jẹ́ pé ara àkàrà ẹlòmíì ló wà."

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí ni ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo ń pè ní Màmá, ẹni ọdún 91, olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, ó gbọ́dọ̀ ti lo oògùn, tíì gbọ́dọ̀ ti wà lórí tábìlì, nítorí ìbéèrè sí ìjọba, ìjókòó tí àwọn aṣòfin fi ń bi àwọn mínísítà léèrè, ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Láyé ààrẹ Giscard d'Estaing ni wọ́n dá a sílẹ̀, ní 1974. Ìṣẹ́jú méjì ni ti aṣòfin, ìṣẹ́jú méjì ni ti mínísítà, aago sì ń kà lójú gbogbo ènìyàn. Bí mínísítà bá ń sọ ìtàn dípò kó sọ iye, Màmá á fi ṣíbí lu ife rẹ̀: "Kò dáhùn! Ẹ gbọ́, kò dáhùn!"

Èmi náà ti wá mọ àwọn mínísítà ètò ìnáwó wọn. Láti oṣù Kẹsàn-án 2024 sí oṣù Kẹwàá 2025, Bruno Le Maire jáde lẹ́yìn ọdún méje, Antoine Armand wọlé, Éric Lombard gbapò rẹ̀, Roland Lescure tún gbapò Lombard. Ọ̀rọ̀ ìṣúná náà ló mú kí aṣòfin 331 dìbò ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 2024, tí ìjọba mínísítà àgbà Michel Barnier fi ṣubú. Láti 1962, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ náà. Ní gbogbo àkókò yẹn, Romuald Wadagni, tó ti wà nípò láti 2016, ni mínísítà ètò ìnáwó tiwa.

Bàbá kékeré kò parọ́, nígbà náà. Wọ́n ń bi mínísítà ibí léèrè, mo fi ojú ara mi rí i. Ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn ni kò mọ̀.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, káàdì ìgbélùú mi fẹ́ parí. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni mo ti kó gbogbo ìwé mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é: ìwé owó oṣù, ìwé ilé, ìwé owó orí, fọ́tò. Ojú ìwé náà sọ pé wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù kìíní, ó sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù kejì, ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí káàdì mi kú. Mo tẹ̀ wọ́n láago, ẹ̀rọ ló gbé e. Ó ní kí n tẹ 1, ó ní kí n tẹ 3, ó sì dágbére fún mi. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mo ń kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí.

Lọ́jọ́ kan, mo jí ní aago mẹ́rin òru, mo wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, aago márùn-ún ààbọ̀ bá mi lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn. Òtútù ń gé wa létí. Ènìyàn bí ogójì ló ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀ṣọ́ kan jáde, ó ń pín bébà pélébé. Mo rò pé nọ́ńbà ni. Àmì dúdú onígun mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, pé ká fi fóònù yà á. Mo yà á. Ó gbé mi padà sí ojú ìwé kan náà, tó ń sọ pé wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yí bébà náà padà bí mo ṣe yí ti àkàrà lọ́jọ́sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun.

Iléeṣẹ́ tó gbà mí ní kí n lọ jókòó sílé ná. N kò bá wọn bínú, òfin kò jẹ́ kí wọ́n fi ẹni tí káàdì rẹ̀ ti kú síṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, kò sówó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú wọn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí fóònù mi, mínísítà ń dá aṣòfin lóhùn, ìṣẹ́jú méjì, kò lé kò dín. Mo sunkún títí wọ́n fi túká.

Agbẹjọ́rò kan tó ń ran àwọn àlejò lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ló wá là mí lóye: lórí ìwé ìgbélùú, bí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí ìjọba kò sọ nǹkan kan, òfin ibí ti ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí "rárá". Ojú mi ṣú. Wọ́n ti dá mi lóhùn, n kò mọ̀! Ní Àjàṣẹ́, ẹni tó fẹ́ kọ̀ fún ọ á kọ́kọ́ bèèrè pé ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Á gbé ìjókòó fún ọ. Ojú rẹ ló máa wò tó fi máa sọ pé kò ṣeé ṣe.

Màmá ló gbà mí sílẹ̀. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan, kì í ṣe fún iṣẹ́, ó sì rí i lójú mi pé nǹkan ń ṣe mí. Ó ní kí n gbé gègé wá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fi odindi ọ̀sán kọ ojú ewé méjì sí aṣòfin àdúgbò rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí láti ọ́fíìsì aṣòfin náà, ó bèèrè nọ́ńbà ìwé mi. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìwé onígbà díẹ̀ fi wọlé, káàdì sì tẹ̀lé e. N kò dìbò fún aṣòfin yẹn. Síbẹ̀ ó bá mi bèèrè. Ṣùgbọ́n mo máa ń ronú kan àwọn ogójì yẹn. Ta ló bá tiwọn kọ̀wé?

Ní ilé, a kì í kọ̀wé sí dépité, ìyẹn aṣòfin. Ilé rẹ̀ là ń lọ láàárọ̀ Àìkú. Bàbá mi mú mi lọ nígbà tí mo fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama. Yàrá àlejò kún, wọ́n fún wa lómi, ó pe bàbá mi lórúkọ, ó sì na 15,000 sẹ́fà sí i fún owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Kò gbà ju wákàtí kan lọ. N kò jẹ́ kẹ́gàn oore yẹn láyé mi. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló sọ nípa owó ọdún tó ń bọ̀. Owó àpò rẹ̀ là ń bèèrè, a ò bèèrè owó ìlú. Òfin ilẹ̀ wa fún un lágbára láti fi ìwé bi ìjọba léèrè, láti fi ẹnu bi í, àní láti gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde. Ìṣúná 2025 lé ní mílíáàdì 3,551 sẹ́fà. Báwo ni ẹni tó gba 15,000 lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ ṣe máa bi ọ́ léèrè 3,551 mílíáàdì nírọ̀lẹ́?

Ilé tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fún àwọn aṣòfin ní 2009 dúró ní kọnkéré gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá kékeré kọjá níwájú rẹ̀ láìmọye ìgbà, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Èmi náà kò bèèrè. Nísinsìnyí, Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, ló ya àwòrán ilé mìíràn, ó fi igi tí àwọn àgbà ń ṣèpàdé lábẹ́ rẹ̀ ṣe àwòṣe. Ó wù mí púpọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kò wálé, bí ibí bá korò tó bẹ́ẹ̀. Mo dúró nítorí pé "rárá" tí wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ sọ yẹn pàápàá, òfin ibí fún mi láyè láti gbé e lọ sílé ẹjọ́, láìmọ ẹnì kankan, láìkí ẹnì kankan lọ́jọ́ Àìkú. Mo dúró nítorí Màmá pẹ̀lú. Bí mo bá lọ, ta ni yóò jókòó tì í lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?

Mo pe Bàbá kékeré padà. Mo ní màá fi 200,000 ránṣẹ́, ìyókù lóṣù tó ń bọ̀. Mo wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, dépité ń bọ̀ níbi òkú àdúgbò yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ bi í nípa gọ́tà tí omi rẹ̀ ń wọ ilé yín. Ṣé owó rẹ̀ wà nínú ìṣúná?"

"Níbi òkú? Kí n máa bèèrè owó ìlú níbi òkú?"

"Ẹ bi í kó tó pín ọtí, sà."

Ó dákẹ́ pẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí ni kí n sọ gan-an?" A jọ bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Èyí tó kọ́kọ́ sọ gùn, ó ti ọ̀rọ̀ bàbá ńlá wa bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n ń fún wọn níbí. Ó lọ gbé aago ọwọ́ rẹ̀ wá, ó tún un sọ látòkè.

"Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀," ló wí.