Ohun tó gbé oníkálukú wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Ọba

Bí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́nu wò níbí, wọn kì í ṣaláì bi í pé kí ló dé tó fi yan iṣẹ́ náà. Gbogbo wa la mọ èsì tí wọ́n ń retí: mo fẹ́ràn láti máa tọ́jú èèyàn. Òótọ́ ni, àmọ́ ó máa ń kù síbẹ̀. Nínú kíláàsì wa, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ti ń tọ́jú arúgbó tipẹ́ ń jókòó ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé girama. Ẹnì kan wá torí nọ́ọ̀sì tó dúró ti bàbá rẹ̀ lálẹ́ tí bàbá náà kú. Ẹlòmíì sọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ tí kò ní bọ́ lọ́wọ́ òun lòun ń wá, mi ò sì rí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà lè fọwọ́ jẹ́jẹ́ wẹ aláìsàn.

Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà sábà máa ń gbà, ó sì gbọ́dọ̀ pé wákàtí 4,600 ó kéré tán: ìdajì ní kíláàsì, ìdajì lẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìrètí oníkálukú ti ń yí padà. Ìyá yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò ní dùn ún rárá, síbẹ̀ àròkọ tó gbọ́dọ̀ kọ kì í jẹ́ kó sùn. Ọmọkùnrin kékeré yẹn ń gba máàkì tó ga nínú àròkọ, àmọ́ nígbà tó kọ́kọ́ bá wọn wẹ òkú ní wọ́ọ̀dù, ńṣe ló dúró síbi ẹ̀rọ omi, tó ń fọ ọwọ́ tó ti mọ́ tipẹ́. Ó wù mí kí àwọn olùkọ́ máa fi irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀. Ní 2017, ìjọba dá owó ìrànwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì dúró ní England. Wọ́n dá òmíràn sílẹ̀ ní 2020, £5,000 lọ́dún, àmọ́ ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wá kò ní ìpín níbẹ̀. Tó o bá ń gbèrò àtiwá, béèrè bí yunifásítì náà ṣe ń pín àkókò wọ́ọ̀dù kó o tó sanwó, torí iṣẹ́ alẹ́ àti iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ wà nínú ẹ̀.