Ọ̀sẹ̀ Tí Mo Mú Ọmọ Ọmọ Mi Lọ sí Èsìẹ́

Inú mi dùn lọ́sẹ̀ yìí, inú sì bí mi gan-an, ìrìnàjò kan náà ló fa méjèèjì. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ilé, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ jù ní Ìlọrin yìí, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wá fojú hàn nítorí owó ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé ti gba ìsinmi, ọmọkùnrin mi sì fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Èkó. Látàárọ̀ ṣúlẹ̀, fóònù ni ọkọ mi kékeré yìí ń tẹ̀. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. A ó lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Òmù-Àrán, a ó sì dé Èsìẹ́ kó lè fojú ara rẹ̀ rí àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀.

Gáréèjì Ọ̀ffà la ti wọkọ̀, ibẹ̀ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Agbèrò ti já báàgì gbà lọ́wọ́ mi kí n tó dáhùn ibi tí mò ń lọ. “Màmá, ó ku ẹnì kan ṣoṣo!” Irọ́ ni. Ẹni kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀ náà, a sì jókòó sínú ooru títí oòrùn fi mú. Nígbà tí ọkọ̀ wá kún, dẹ́rẹ́bà ní kí n san owó ẹrù. Ẹrù wo? Báàgì kékeré tí mo kó búrẹ́dì àti Milo ẹ̀gbọ́n mi sí, tí mo gbé lé itan ara mi! Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo san án nítorí ọmọ. Ó tún ní kí gbogbo wa sanwó ọkọ̀ pé pérépéré kó lè fi ra epo. A san ìyẹn náà.

A kọjá Gànmọ̀, a kọjá Àmọ́yọ̀, kò sí ohun tó ṣe wá. Ìgbà tí a sún mọ́ Ìdófìàn ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú níwájú. Dẹ́rẹ́bà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, èmi náà sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Rédíétọ̀ ọkọ̀ yìí, ibi tí wọ́n ń bu omi sí kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbóná, kò ní ìdérí. Àkísà ló ká tó fi dí ẹnu rẹ̀, ó wá gé rọ́bà inú táyà, ó fi so àkísà náà mọ́lẹ̀. Ó ti gbóná débi pé àkísà náà ti ń jóná létí. Ọkọ̀ tí èèyàn ń gbowó lórí ẹ̀ nìyẹn, tó kó ọmọ ọlọ́mọ sí!

Kò tíì tán. Dẹ́rẹ́bà bojú wẹ̀yìn, ó rí omi inú ike tí ọmọ mú lọ́wọ́, ó ní, “Ọmọ dáadáa, fún mi lómi yẹn kí n bù ú sí i.” Ọmọ ti nawọ́ omi sí i. Mo ní kó mú un padà. Oòrùn ọ̀sán yẹn kì í ṣe èyí tí màá gba omi lẹ́nu ọmọ fi paná ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín kò tọ́jú.

A bọ́ sábẹ́ igi ẹmi kan. Ìyá kan tó wọ léèsì, òde ìyàwó ló ń lọ ní Òrò, ó tẹ́ gèlè rẹ̀ sílẹ̀ jókòó lé e nítorí ilẹ̀ gbóná. Mo sún mọ́ dẹ́rẹ́bà, mo ní kó dá owó wa padà ká wọ ọkọ̀ mìíràn.

“Màmá, ẹ má bínú, mo ti fi ra epo.”

“Epo tí o rà wà nínú ọkọ̀ rẹ. Owó tèmi ni mo ní kó o mú wá.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa ní ká fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo dá a lóhùn pé Ọlọ́run kọ́ ló wọkọ̀, àwa ni. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà wa nìyí: bí a bá ti ní ká fi sílẹ̀, lọ́la ni dẹ́rẹ́bà náà yóò tún fi àkísà kan náà dí rédíétọ̀, tí yóò tún kó ọmọ ẹlòmíràn. Owó ọkọ̀ mi kì í ṣe sàráà. Mo dúró tì í, mi ò pariwo, mi ò bú u, ṣùgbọ́n mi ò kúrò níwájú rẹ̀. Ìyá oníléèsì bá dìde, òun náà wá dúró tì mí. Nígbà tó yá, ó dá ìdajì padà fún oníkálukú wa. Owó ẹrù ní tirẹ̀, kò dá a padà.

Bàbá àgbàlagbà kan ló wá gbé wa. Kí n tó jókòó dáadáa ni mo ti na owó sí i, ó ní, “Ẹ fi sọ́wọ́ ná, Ìyá, tí a bá dé, ẹ ó san án.” Ọlọ́run yóò bùkún iṣẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo tí a sì gba Òrò dé Òmù-Àrán, mi ò rántí, torí oorun ló gbé èmi àti ọmọ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gba ọ̀nà yìí, ẹ wo iwájú ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bí omi bá ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọjá sí òmíràn, bí agbèrò tilẹ̀ ń pè yín ní ìyá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń retí wa lẹ́nu ọ̀nà. “Kú ewu ọ̀nà, àbúrò mi. Ẹ ṣe pẹ́ tó báyìí?” Orúnkún kò jẹ́ kó lè gún iyán mọ́, ṣùgbọ́n ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá odó, ó ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ tó ń gún un. “Ẹ má tíì dá a dúró, kókó ṣì wà nínú ẹ̀.” Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó fi ẹ̀fọ́ sè, tó bu irú sí, òórùn rẹ̀ ti gba àgbàlá kan. Ọkọ mi tó jẹ́ pé ìrẹsì àti Indomie nìkan ló ń jẹ ní Èkó fọwọ́ bu iyán, ó bọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀, ó gbé e mì, ó sì tún nawọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì àwọn bàbá wa sí i lórí. Ibẹ̀ ni ìbínú Ìdófìàn ti tú kúrò lára mi.

Èsìẹ́ kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ nípa mùsíọ́ọ̀mù tí àwọn ère náà wà ní kíláàsì: pé 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, pé òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Pé ní 1933 ni ọ̀gbẹ́ni Ramsay, tó ń bójú tó ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì, kọ̀wé nípa àwọn ère náà, tí àwọn òyìnbó fi gbọ́, bẹ́ẹ̀ ará Èsìẹ́ ti ń bọ wọ́n tipẹ́ kó tó dé. Kí èèyàn máa fẹnu sọ ọ́ yàtọ̀ sí kó dúró síwájú wọn. Ère òkúta ló tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún. Àwọn tó jókòó sórí àpótí ló pọ̀ jù. Òmíràn gbé idà lé èjìká, òmíràn di ohun orin mú. Àwọn míì wà tí orí wọn ti já.

Bàbá tó mú wa káàkiri ní sùúrù fún ọmọ. Ó sọ ohun tí àwọn àgbà Èsìẹ́ ń sọ fún un, pé èèyàn làwọn ère yìí rí, àlejò ni wọ́n, kí wọ́n tó di òkúta. Ọmọ bi í pé ta ló di irun wọn. Lóòótọ́, irun orí wọn ni mo fẹ́ kí ẹ wò bí ẹ bá débẹ̀: wọ́n fín in ní ìlà wẹ́wẹ́, òmíràn sì ga ṣóńṣó. Lójijì ni ọmọ dúró síwájú ọ̀kan tó ní ilà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, “Màmá Ìlọrin, èyí jọ Màmá Òmù-Àrán.” Mo sún mọ́ ọn. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè bí ó bá ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn.

Àwa nìkan ni àlejò tó wà níbẹ̀ lásìkò náà, ìyẹn sì dùn mí. Owó tí wọ́n gbà lẹ́nu ọ̀nà kò tó owó ẹrù tí dẹ́rẹ́bà gáréèjì gbà lọ́wọ́ mi. Ará Ìlọrin tó ti lọ sí Dubai tí kò tíì débẹ̀ rí pọ̀. Ẹ gbé omi àti ìpápánu dání, pàápàá bí ẹ bá mú ọmọdé lọ, kí ẹ sì lọ ní òwúrọ̀.

Bàbá rẹ̀ pè lálẹ́. Ọmọ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń ròyìn idà, ó ń ròyìn irun, ó wá bi bàbá rẹ̀ bóyá ó ti débẹ̀ rí. Ìyẹn ní òun kò débẹ̀ rí. Mo ti sọ fún un pé bí wọ́n bá wá ṣọdún Kérésì lọ́dọ̀ mi, kó wa ọkọ̀ tirẹ̀ wá, gbogbo wa la jọ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun yóò fi iṣu pamọ́ dè wá.